Kí Ẹ Tó Buwọ́ Lùwé Àdéhùn Iṣẹ́ ní Subic

Nínú àwọn tó ń gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá fún mi láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó rìnrìn àjò, àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó tó rí iṣẹ́ sí Subic Bay ní orílẹ̀-èdè Philippines sábà máa ń ní ìrètí kan náà. Wọ́n ti gbọ́ pé agbègbè ọrọ̀-ajé àkànṣe ni, pé ọjà tó ń wọ ibẹ̀ kì í san owó ibodè, pé owó orí ibẹ̀ kéré, wọ́n sì gbà pé àwọn náà yóò jẹ nínú rẹ̀. Irọ́ kọ́ ni àǹfààní náà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ rí i pé ó wà lákọsílẹ̀ nínú àdéhùn.

Ibùdó ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ni Subic tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1991 ni òkè Pinatubo bú gbàmù, tí eérú rẹ̀ sì bo ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Philippines kọ àdéhùn tuntun tí Amẹ́ríkà fẹ́, àwọn ọmọ ogun náà sì kó lọ tán ní oṣù kọkànlá ọdún 1992. Òfin 7227 ti ọdún 1992 ló sọ ibùdó náà di agbègbè àkànṣe lábẹ́ àjọ tí wọ́n ń pè ní SBMA.

Ohun tí òfin náà là sílẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ yóò san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó ń wọlé fún un, dípò owó orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìta ń san. Wọ́n ti tún ètò yìí ṣe láti ìgbà náà, pàápàá ní ọdún 2021, àmọ́ látìbẹ̀rẹ̀ ni owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ti sí lára rẹ̀. Owó orí tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Manila ń san náà ni ẹ ó san. Ẹ jẹ́ ká fi ẹni tó ń gba 100,000 pẹ́sò lóṣù ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn 1,200,000 lọ́dún. Ìjọba kì í gba nǹkan kan lórí 250,000 àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí a bá fi ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 ka ìyókù, owó orí ọdún kan yóò jẹ́ 202,500 pẹ́sò. Nǹkan bí 16,875 ni wọn yóò máa yọ lóṣooṣù nìyẹn, láìtíì ka owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìlera. Nítorí náà, bí agbanisíṣẹ́ bá dárúkọ iye kan, ẹ bi í bóyá iye tí yóò wọ àpò yín ni tàbí iye tó wà kí wọ́n tó yọ owó orí, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdáhùn rẹ̀ wọ inú ìwé.

Bákan náà ni owó oṣù kẹtàlá, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fojú sọ́nà fún. Òfin pàṣẹ kí wọ́n san án kó tó kọjá ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, àmọ́ kò kan àwọn tó wà nípò ọ̀gá, ipò ọ̀gá yìí gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń gba àjèjì sí.

Ọ̀rọ̀ físà ló ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Òfin 7227 fún SBMA láṣẹ láti fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti àwọn tó ní ìmọ̀ iṣẹ́ àkànṣe tó jinlẹ̀ ní físà iṣẹ́ tí wọn yóò máa tún ṣe ní ọdún méjì méjì, bí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá jẹ́rìí pé kò sí ọmọ Philippines kankan ní agbègbè náà tó mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó bá fi ó kéré tán 250,000 dọ́là dókòwò níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ títí, òun, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 21. Òṣìṣẹ́ kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó gbé e dé ibẹ̀ ni físà rẹ̀ so mọ́. Ẹ má sì rò pé ìyàwó tàbí ọkọ tó bá yín lọ lè ríṣẹ́ ṣe bó ṣe débẹ̀. Físà tó fi tẹ̀ lé yín kì í ṣe físà iṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ ńlá náà sì lè kógbá sílé. FedEx, tó fi Subic ṣe ojúkò ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ní Éṣíà láti ọdún 1995, kó lọ sí Guangzhou ní ọdún 2009. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Hanjin, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ńláńlá níbẹ̀, gba ilé ẹjọ́ lọ nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Nítorí èyí, mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi béèrè fún gbólóhùn mẹ́ta nínú àdéhùn: iye oṣù tí agbanisíṣẹ́ yóò fi ṣe ìkìlọ̀ kó tó dá wọn dúró, ẹni tí yóò san owó ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé wọn àti ìdílé wọn padà sílé, àti ẹni tí yóò san ilé tí wọ́n gbà fún ìyókù àsìkò tó kù. Agbanisíṣẹ́ tó bá ń fi èyí ṣeré, ẹ fura sí i.

Kò sí àjèjì tó lè ra ilẹ̀ ní Philippines. Àwọn ilé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi sílẹ̀ ní Binictican àti Kalayaan ni ọ̀pọ̀ àjèjì ń háyà. Wọ́n fẹjú, igbó sì wà nítòsí wọn, nítorí náà àwọn ọ̀bọ máa ń wá tú garawa ìdọ̀tí. Ẹ wá ohun wúwo gbé lé ìdérí rẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ wíwakọ̀ ní Èkó yóò ní láti tún ara rẹ̀ kọ́, torí níbi tí àmì ìdúró bá wà ní Subic, dídúró pátápátá ni, kódà bí kò bá sí ọkọ̀ kankan tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ tó wọ agbègbè náà láìsan owó ibodè ṣì jẹ gbèsè owó náà bí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde pátápátá sí ibòmíràn ní Philippines. Kí ẹ tó ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ àjèjì tó ń padà sílé, ẹ ka owó yẹn mọ́ iye tó pè é.

Bí ẹ bá fẹ́ fi Philippines sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gba ìwé àṣẹ ìjáde kan tí wọ́n ń pè ní ECC. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí agbanisíṣẹ́ ṣì ń dá yín lóhùn, kí ẹ tó sanwó tíkẹ́ẹ̀tì.