Kátúùnù tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé

Nẹ́pà mú iná lọ ní Mọ́kọ́lá lálẹ́ Sátidé, làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sórí àga, wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ajá àti ẹyẹ sára ògiri. "Àǹtí, ẹ wo ìnàkí!" Ìnàkí ọ̀hún ò jọ ìnàkí rárá, àmọ́ òun ló rán mi létí Lotte Reiniger, obìnrin ará Jámánì tó ń fi òjìji páálí ṣe kátúùnù.

Àwọn ọmọ yìí gbà pé Disney ló kọ́kọ́ ṣe kátúùnù gígùn. N ò lè bá wọn wí, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dàgbà. Ṣùgbọ́n 1937 ni Snow White ti Disney jáde. Ní 1926, obìnrin ará Berlin yìí ti gbé The Adventures of Prince Achmed jáde. Àwọn ará Argentina ti ṣe kátúùnù gígùn kan ní 1917 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan tó kù. Nínú àwọn tó ṣì ṣeé wò lónìí, ti Lotte ló dàgbà jù.

Ọ̀wọ́n ọjà ló bí i. Ní 1923, owó Jámánì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pépà lásán. Oníbáńkì kan, Louis Hagen, ti ra fíìmù tí wọn ò tíì ya nǹkan kan sí pamọ́ kí owó rẹ̀ má baà jóná, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ra sìmẹ́ǹtì kó jọ nígbà tí náírà bá ń jábọ́. Ọjà náà ò mówó wá, ló bá ní kí Lotte wá fi ṣe fíìmù gígùn. Lotte ò tíì pé ọmọ ọdún 25. Àjà òkè gáréèjì Hagen ní Potsdam ni òun, ọkọ rẹ̀ Carl Koch tó ń mójú tó kámẹ́rà, àti àwọn díẹ̀ mìíràn jókòó sí fún ọdún 3.

Páálí dúdú ló ń gé. Orí lọ́tọ̀, apá lọ́tọ̀, itan lọ́tọ̀, á wá fi wáyà tín-ín-rín so wọ́n pọ̀ ní oríkèé. Ó máa ń fi òjé pẹlẹbẹ kún un kí ọmọláńgidi náà lè sùn gbọnrangandan sórí gíláàsì. Iná ń tàn lábẹ́ gíláàsì, kámẹ́rà ń wolẹ̀ látòkè. Ó sún apá díẹ̀, wọ́n yà á. Ó tún sún un díẹ̀, wọ́n tún yà á. Nǹkan bí àwòrán 250,000 ni wọ́n yà, nǹkan bí 96,000 ni wọ́n lò. Gíláàsì yẹn pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan. Ìpele-ìpele ni, kí òkè lè jìnnà sẹ́yìn kí ẹṣin sì wà níwájú. Irú ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n wá ń yin Disney fún ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà.

Ẹni tó bá ti jókòó ti aládìrẹ á tètè lóye rẹ̀. Àdìrẹ Ìbàdàndùn, èyí tí òpó Mápó wà lára rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń tì bọ ẹ̀kọ láfún láti fi kọ ọ́. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró ò ní mú un. Ti Lotte, ibi tí páálí bá dé, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá.

Inú ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru ó lé ẹyọ kan àwọn Lárúbáwá ló ti fa ìtàn rẹ̀ yọ. Oṣó burúkú inú rẹ̀, Áfríkà ni wọ́n ní ó ti wá. Ta ni ì bá tún jẹ́! Mo bínú díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí òun àti àjẹ́ orí òkè oníná kojú ara wọn, tí wọ́n ń di ẹranko kan bọ́ sí òmíràn, ìbínú mi lọ.

Ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ fi han èrò ní Berlin. Ogun 1945 run ojúlówó rẹ̀. Ẹ̀dà kan tó wà ní ilé ìkófíìmùsí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tún un ṣe ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Iná dé, mo fi han àwọn ọmọ lórí kọ̀ǹpútà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àbíkẹ́yìn tó béèrè pé, "Ọwọ́ ẹni tó ń sún wọn dà?" Kò dúró gbọ́ èsì. Kí n tó mọ̀, ó ti fa páálí índómì ya, ó ń gé ẹṣin. Télọ̀ ni ìyá mi. Igbe rẹ̀ la gbọ́ láti yàrá: "Ta ló ń fi àlùmọ́gàjí aṣọ mi gé páálí?"