Bí ẹbí ṣe ń fi orúkọ olóògbé dá owó ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí kò fi ní tán

Tí ìsìnkú bá parí, tí wọ́n ti tú àtíbàbà, tí onílù ti gba owó rẹ̀ lọ, àwọn ọmọ olóògbé á jókòó ṣírò owó. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti sábà máa ń sọ ọ́ pé: "Màmá fẹ́ràn ìwé. Ẹ jẹ́ ká dá owó kan sílẹ̀ lórúkọ wọn, ká máa fi rán ọmọ aláìní níléèwé." Gbogbo ilé á gbà. Lọ́dún kìíní, ọmọ mẹ́ta á jàǹfààní. Lọ́dún kejì, ọmọ kan. Tó bá fi máa di ọdún kẹrin, kò sẹ́ni tó rántí ọwọ́ ẹni tí ìwé báńkì wà mọ́. Ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ní sí ìyá wọn kò dín kù rárá. Owó tí wọ́n kó jọ ni wọ́n ń ná, wọn kò gbìn ín.

Oríṣi owó ìrántí méjì ló wà, ó sì yẹ kí ẹbí ti mọ èyí tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni síbi ìfilọ́lẹ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń ná tán: wọ́n á sọ pé ọdún 5 ni àwọn fẹ́ fi sanwó iléèwé ọmọ 2, tó bá parí, ó parí. Èkejì ni èyí tí wọn kì í fọwọ́ kan ojú owó rẹ̀. Wọ́n á fi ojú owó náà sí ibi tí yóò ti máa mú èrè wá, èrè yẹn ni wọ́n á máa fi ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọn kò sì ní ná gbogbo èrè náà. Àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu mọ èyí láìlọ sí iléèwé. Tó bá wa iṣu tán, ó ń ya èbù sọ́tọ̀ kó tó gbé ìyókù lọ sọ́jà tàbí sídìí ààrò, torí ẹni tó bá jẹ èbù rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní rí nǹkan kan rì sínú ebè nígbà òjò.

Àwọn Mùsùlùmí ní irú ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn wọn, wọ́n ń pè é ní waqf. Umar ọmọ Khattab ní ilẹ̀ kan ní Khaybar, ó sì lọ béèrè lọ́wọ́ Ànábì ohun tí òun lè fi í ṣe. Èsì tó gbà ni pé kó di ilẹ̀ náà mú, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Láti ìgbà náà ni ilẹ̀ yẹn ti di ohun tí a kì í tà, tí a kì í fi tọrẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í jogún rẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta yẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé ìdásílẹ̀ owó ìrántí èyíkéyìí, yálà mùsùlùmí ló dá a sílẹ̀ tàbí onígbàgbọ́ tàbí oníṣẹ̀ṣe.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ló sábà máa ń tan ẹbí jẹ. Alága á gba máíkì, ọ̀rẹ́ olóògbé kan á dìde láti kéde mílíọ̀nù kan, ẹlòmíì á kéde ìdajì rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Ìlérí lásán ni púpọ̀ nínú wọn. Tó bá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, akápò á máa pe fóònù tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹbí kéde iye ọmọ tí wọn yóò ràn lọ́wọ́ nígbà tí owó kò tíì wọ báńkì. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi tiwọn sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn rí i, kí wọ́n tó na ọwọ́ sí ará ìta. Owó tí ará ìlú bá fojú rí ni wọ́n ń fi kún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Hattiesburg nìyẹn, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Alágbàfọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Osceola McCarty. Ọdún 1908 ni wọ́n bí i. Ó fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹfà láti lọ tọ́jú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn, kò sì padà mọ́. Aṣọ onílé àti aṣọ àlejò ló ń fọ̀, tó ń lọ̀, títí ara fi kọ̀ fún un, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń kó owó rẹ̀ sí báńkì. Nígbà tó darúgbó, òṣìṣẹ́ báńkì kan kó owó wẹ́wẹ́ 10 sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó ní kó ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tó ní, kó wá pín in bó ṣe wù ú. Ó yọ ẹyọ kan fún ìjọ rẹ̀. Ó yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ìbátan rẹ̀ mẹ́ta. Ó ní kí mẹ́fà tó kù lọ fún yunifásítì tó wà nílùú wọn, University of Southern Mississippi, fún àwọn ọmọ tí kò rówó san. $150,000 ni wọ́n kà á sí nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 1995.

Ó wà láàyè nígbà náà, nítorí náà ètò tí wọ́n ṣe ni pé kí báńkì máa tọ́jú owó náà fún ìnáwó rẹ̀ títí yóò fi kú, kí ìpín yunifásítì tó lọ sọ́dọ̀ wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró dìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Hattiesburg kò lè gbọ́ pé alágbàfọ̀ fi irú owó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n káwọ́ gbera. Wọ́n dá owó jọ láti fi bá tirẹ̀ dọ́gba, èyí ló sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rí ìrànwọ́ gbà lójú ayé rẹ̀. Ó kú ní 1999. Ẹbí tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lè sọ fún ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde pé: "Èyí ni àwa fi sílẹ̀. Ẹ bá wa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan." Ìpè yẹn rọrùn láti dáhùn, torí olùfúnni mọ iye tó kù àti ọjọ́ tí yóò parí.

Tí owó bá ti wọlé, ìṣòro tó le jù á wá yọjú: èbù owó lè joro láìsí ẹni tó jẹ ẹ́. Ní 1980, náírà 1 ju dọ́là 1 lọ. Ẹbí tó bá fún yunifásítì ní ₦1,000 nígbà náà, fún ẹ̀bùn akẹ́kọ̀ọ́ tó gbégbá orókè, ṣe ohun ńlá, torí owó náà ju $1,500 lọ. Ní 2024, dọ́là 1 kọjá ₦1,500. Ẹgbẹ̀rún kan yẹn ṣì pé pérépéré nínú ìwé, kọ́bọ̀ kan kò sọnù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tó owó ọkọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wọ̀ lọ gbà á. Ó máa ń dunni láti gbọ́ orúkọ àgbà kan tí wọ́n pè níbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kí iye tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ohun tí àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ká ní ẹbí kan fi mílíọ̀nù 10 náírà sílẹ̀, tó ń mú ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún wá lọ́dún, ìyẹn mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ká ní ọjà náà ń fi ìdá 15 wọ́n sí i lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá ń ná gbogbo mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náà, lẹ́yìn ọdún 5, mílíọ̀nù 10 yẹn kò ní ra ju ìdajì ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10, yóò ku bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọjà Nàìjíríà sì ti le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní oṣù Kejìlá 2024, ìṣirò ìjọba fi hàn pé iye ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tọ́jú irú owó yìí sábà máa ń ná ìdá 4 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye gbogbo owó náà lọ́dún, wọ́n á sì dá èrè tó kù padà sínú ojú owó. Wọn kì í sì í wo iye tí owó náà jẹ́ lọ́dún kan ṣoṣo. Iye ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa pọ̀ tí wọ́n ń pín, kí ọdún kan tí ọjà kò dára má baà lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì láàárín ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nàìjíríà nílò ìkóra-ẹni-níjàánu ju èyí lọ. Bọ́ǹdì ìjọba, ìyẹn ìwé tí a fi ń yá ìjọba lówó kó lè san èlé, kò ṣòro láti rà. Láti 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń ta irú èyí tí ẹni tó ní ₦5,000 lè rà. Ṣùgbọ́n èlé rẹ̀ kì í sábà bá iye ọjà dọ́gba nígbà tí nǹkan bá gbóná. Ilé àyágbé tàbí ṣọ́ọ̀bù máa ń tiraka jù, torí pé bí ọjà bá ń gòkè, owó ilé náà á gòkè. Àbùkù tirẹ̀ ni pé ó ń fẹ́ àtúnṣe, ó sì ń fẹ́ ẹni tí yóò máa gba owó náà láìmójú kúrò lára ayálégbé. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí ìwé ilé náà wà lórúkọ àkọ́bí. Lọ́jọ́ tí àkọ́bí bá kú, àwọn ọmọ tirẹ̀ á kà á mọ́ ogún bàbá wọn, ilé-ẹjọ́ sì lè gbà wọ́n gbọ́.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ dé orí ibi tí owó náà yóò máa gbé. Ẹbí lè fún yunifásítì tàbí iléèwé gíga ní tààrà, pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí agbẹjọ́rò bá wọn wò. Wọ́n sì lè forúkọ àjọ tiwọn sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ apá F òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020. Èyí gba alámòójútó méjì ó kéré tán, ìwé òfin àjọ, ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì kí ẹni tó bá fẹ́ takò ó lè sọ̀rọ̀ láàárín ọjọ́ 28, àti ìjábọ̀ ọdọọdún tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣọwọ́ láàárín ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Báńkì tún máa ń béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń ṣọ́ owó àjọ aláàánú. Fún ẹbí tó ní mílíọ̀nù díẹ̀, wàhálà àti owó tí èyí ń gbà lè jẹ ohun tó yẹ kó kan akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà kẹta ló bá ẹbí tí kò lówó púpọ̀ mu jù. Kí àjọ kan tó ti fìdí múlẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tí CAC mọ̀, gba owó ẹbí mẹ́wàá tàbí ogún, kí wọ́n pa á pọ̀ láti fi ṣòwò, kí ìwé ìṣirò ẹbí kọ̀ọ̀kan sì dá wà pẹ̀lú orúkọ olóògbé wọn. Ó jọ àjọ tí àwọn ìyá ń dá lọ́jà, àyàfi pé ẹnikẹ́ni kì í kó o. Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún odindi ìlú, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní 1914. Agbẹjọ́rò àti olórí báńkì kan, Frederick Goff, ló gbé e kalẹ̀.

Ohun tó ń da Goff láàmú ni ọwọ́ òkú tó ń di owó mú. Ẹni tí gbogbo èèyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ nígbà náà ni Bryan Mullanphy, tó ti ṣe olórí ìlú St. Louis rí. Ó kú ní 1851, ó sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta ogún rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò aláìní tó ń gba ìlú náà kọjá lọ tẹ̀dó sí ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ ojú irin dé, ìrìn-àjò yẹn sì di ohun àná. Owó wà, kò sí ẹni tí ìwé ìhágún gbà kí wọ́n fún. Goff ní kí ìgbìmọ̀ ní àṣẹ láti yí ibi tí owó ń lọ padà nígbà tí ayé bá ti sọ ète olùfúnni di ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́, kí wọ́n sì wá èyí tó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tó bá fi owó sílẹ̀ níbí ní 1975 fún ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi táípúráítà tẹ̀wé, ọ̀rọ̀ Goff ni yóò gbà á lónìí. Gbólóhùn kan péré nínú ìwé àdéhùn ló ń ṣe é.

Yíyan akẹ́kọ̀ọ́ ni ibi tí ẹbí ti gbọ́dọ̀ mọ́wọ́ kúrò díẹ̀, ó sì máa ń ṣòro fún wọn. Òfin Amẹ́ríkà ti 2006 kò gbà kí ẹni tó fún irú àjọ bẹ́ẹ̀ lówó tàbí àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́. Ẹbí Yorùbá tó bá dá owó sílẹ̀ ní Houston tàbí Maryland yóò bá a pàdé. Ó yẹ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe òfin yìí nílé. Olùkọ́ kan, ẹnì kan láti ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan ṣoṣo láti inú ẹbí. Kí wọ́n sì jókòó lé fọ́ọ̀mù tí orúkọ àwọn ọmọ kò sí lórí rẹ̀, nọ́ńbà nìkan, kí ọmọ àbúrò akápò má baà ṣáájú ọmọ opó tó ń ta ẹ̀kọ.

Fọ́ọ̀mù náà máa ń béèrè nípa ọmọ tó fẹ́ ìrànwọ́, kí ó ní ojú ìwé kan tó ń sọ̀rọ̀ nípa olóògbé pẹ̀lú: ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tó ṣe, ohun tó fẹ́ kọ́ tí kò rí kọ́. Ẹbí ni kó kọ ọ́, nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà.