FLEEL: ìyẹ̀fun kékeré tó ń fi iṣẹ́ fítámì K hàn wá

Ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú ìgò yìí kò tó iyọ̀ tí èèyàn ń bù sí ẹyin sísè. FLEEL ni à ń pè é, nítorí amino acid márùn-ún (àwọn ẹyọ tí a fi ń mọ purotéènì) tí a so pọ̀ ló wà nínú rẹ̀, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe oògùn o. Ẹni tó bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ rà á gún sára. Inú láàbù ni iṣẹ́ rẹ̀ mọ.

Nínú ẹ̀dọ̀ ni ara ti ń ṣe prothrombin, ọ̀kan lára àwọn purotéènì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá nígbà tí ọ̀bẹ bá gé wa. Bí ẹ̀dọ̀ ṣe kọ́kọ́ mọ ọ́n, kò tíì wúlò. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ carboxylase gbọ́dọ̀ mú carbon dioxide, irú èyí tí à ń mí síta, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ glutamic acid, irú amino acid kan, mẹ́wàá ní ìbẹ̀rẹ̀ prothrombin náà. Ibi mẹ́wàá yẹn ló ń gbá kálísíọ̀mù mú, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí prothrombin rí ojú ọgbẹ́ dì mọ́. Láìsí fítámì K, carboxylase kò lè ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún ìkókó ní abẹ́rẹ́ fítámì K gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá bí i.

Báwo la ṣe ń wọn iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí? Télọ̀ tó fẹ́ mọ̀ bóyá maṣíìnì rẹ̀ ń rán dáadáa kì í fi odidi aṣọ òkè oníbàárà dán an wò. Àjákù aṣọ ló ń kì sí i. FLEEL ni àjákù tiwa. Ó jọ ègé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ prothrombin, glutamic acid méjì sì wà nínú rẹ̀.

A ó da ẹ̀dọ̀ eku tí a ti lọ̀ tí a sì ti sẹ́ sínú túùbù, pẹ̀lú FLEEL, fítámì K, àti bicarbonate, tí carbon dioxide ti ń jáde, tó ní carbon-14, tó ń tú ìtànṣán jáde. Tó bá ṣe díẹ̀, a ó kán ásíìdì sí i. Àwọn purotéènì ńláńlá á ṣù bí wàrà tí oje bomubomu kàn. FLEEL á wà nínú omi rẹ̀. Bicarbonate tí kò ríbi lẹ̀ mọ́ á di afẹ́fẹ́, á sì hó jáde. Ìtànṣán tó bá ṣẹ́ kù nínú omi yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ carboxylase ni.

Àléébù kan wà. FLEEL kì í tètè dì mọ́ ẹ́ńsáìmù, nítorí ojúlówó purotéènì máa ń ní ìrù kan níwájú tí carboxylase fi ń dá a mọ̀, FLEEL kò sì ní in. Bí a bá fi ìrù náà lásán kún FLEEL nínú túùbù, iṣẹ́ á yá sí i.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, rò pé carboxylase ni oògùn náà ń dá dúró. Rárá. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, èyí tó ń sọ fítámì K tí a ti lò di tuntun, ló ń dí lọ́wọ́. Fítámì K wà nínú ẹ̀fọ́, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn pa ẹ̀fọ́ tì. Ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ lọ́sẹ̀ yìí ni kí ẹ máa jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà yín kí ẹ tó yí i padà.