Ibi Tí Ìjà Àná Parí Sí: Bí Íńdíà àti Pàkístàn Ṣe Ń Sún Mọ́ Ogun

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbébọn yọ sí àwọn tó wá gbafẹ́ ní pápá kan lẹ́bàá ìlú Pahalgam, ní apá Kashmir tó wà lábẹ́ Íńdíà. Èèyàn 26 ni wọ́n pa. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejìdínlógún, mísáìlì Íńdíà ti balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ológun ní Rawalpindi, ìlú tí olú ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun Pàkístàn wà. Nínú ìjọba méjèèjì, kò sẹ́ni tó jáde sọ pé ogun àjàkú-akátá lòun ń wá. Íńdíà tilẹ̀ kéde lẹ́yìn ìkọlù rẹ̀ àkọ́kọ́ pé òun fi ìwọ̀n sí i, pé òun ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fẹjú. Síbẹ̀, ó fẹjú.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kẹ́rù wọn kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1947, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì: Pàkístàn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí, àti Íńdíà tí ẹlẹ́sìn Híńdù pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kashmir há sáàárín. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ ẹlẹ́sìn Híńdù ni ọba wọn, Hari Singh. Nígbà tí àwọn jagunjagun láti ìhà Pàkístàn ya wọ ilẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó fọwọ́ sí i pé òun dara pọ̀ mọ́ Íńdíà, ogun àkọ́kọ́ sì gbóná. Wọ́n tún jà ní 1965, ní 1971 àti lórí òkè Kargil ní 1999. Ìlà tó la Kashmir já lónìí, tí wọ́n ń pè ní Line of Control, gùn tó nǹkan bíi 740 kìlómítà. Kì í ṣe ààlà tí àwọn méjèèjì gbà pé ó jẹ́ ti ìkẹyìn. Ibi tí ìbọn dákẹ́ sí ni.

Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀nà kan náà ni wàhálà wọn sábà máa ń gbà wọlé. Ẹgbẹ́ agbébọn kan á ṣọṣẹ́ ní ìhà Íńdíà. Íńdíà á ní Pàkístàn ló ń bọ́ wọn tó sì ń fún wọn níbi tí wọ́n ń sá sí. Pàkístàn á ní irọ́ ni. Ibi tó yẹ kó dẹ́rù ba èèyàn nìyí, nítorí ìṣáná kò sí lọ́wọ́ ìjọba méjèèjì nìkan. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ tó gbébọn lè yan ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè méjì tí èèyàn inú wọn lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ máa dojú kọ ara wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbínú aráàlú á ru sókè, tẹlifíṣọ̀n á máa bu epo sí i, ìjọba á sì mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, ojo ni wọ́n máa pe òun. Kí ni kí ìjọba ṣe? Ohun tó ṣe nígbà tó kọjá ni àwọn èèyàn máa kọ́kọ́ fi wé e, ìyẹn sì ti di ohun tó kéré jù tí wọ́n lè gbà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n pa ọmọ ogun Íńdíà 19 ní ìlú Uri. Íńdíà rán ìwọ̀nba ọmọ ogun díẹ̀ kọjá Line of Control lóru, wọ́n ṣe tiwọn, wọ́n padà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2019, ẹnìkan wa ọkọ̀ tó kún fún bọ́ǹbù lu ọkọ̀ àwọn agbófinró ní Pulwama, ó pa 40. Lọ́tẹ̀ yìí, bàálù ogun ni Íńdíà rán, kò sì dúró ní Kashmir: ó lọ ju bọ́ǹbù sí Balakot, nínú ilẹ̀ Pàkístàn gan-an, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ látìgbà ogun 1971. Lọ́jọ́ kejì, Pàkístàn já bàálù Íńdíà kan lulẹ̀, ó sì mú awakọ̀ rẹ̀. Nígbà tó di 2025, mísáìlì lọ sí ibi mẹ́sàn-án lóru ọjọ́ kan, títí dé Bahawalpur àti Muridke ní ẹkùn Punjab ti Pàkístàn. Dírónù, ìyẹn bàálù kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, tẹ̀ lé e láti ìhà méjèèjì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, pápákọ̀ òfurufú ológun ni wọ́n ń dojú mísáìlì kọ.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi lọ ní 2016, bàálù ni 2019, mísáìlì àti dírónù ni 2025. Ibi tí ìjà àná parí sí ni tòní ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbàkúùgbà tó bá parí, àwọn méjèèjì ló ń jó ijó ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn ti 2025, Pàkístàn gbé ọ̀gá àgbà ọmọ ogun rẹ̀, Asim Munir, sí ipò ọ̀gágun tó ga jù lọ. Olórí ìjọba Íńdíà, Narendra Modi, ní tirẹ̀ sọ pé àwọn kàn dáwọ́ dúró díẹ̀ ni. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló léwu jù: ẹni tó gbà pé òun borí lánàá kò ní rí ìdí tóun fi máa fà sẹ́yìn lọ́la.

Àwọn kan ń sọ pé bọ́ǹbù átọ́míìkì kò ní jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì dán tiwọn wò ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, ohun tí oníkálukú ní báyìí sì ń lọ bí 170. Òótọ́ ni pé látìgbà náà, wọn ò tíì ja irú ogun 1971. Àmọ́ bọ́ǹbù náà tún ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn, pé àyè wà láti jà níwọ̀nba nítorí pé ẹ̀rù ogun ńlá ń ba ẹnì kejì. Báwo ni àyè yẹn ṣe fẹ̀ tó? Íńdíà ní òun ò ní kọ́kọ́ lo bọ́ǹbù átọ́míìkì. Pàkístàn, tí ọmọ ogun tirẹ̀ kò tó ti Íńdíà, kò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kò sì fa ìlà kan sílẹ̀ ní gbangba pé bí ẹ bá kọjá ibí, a máa lò ó. Ẹni tó ń rìn nínú òkùnkùn lẹ́bàá kòtò ni wọ́n jọ. Ẹsẹ̀ ló máa sọ fún un pé ilẹ̀ ti tán.

Àṣìṣe wá ńkọ́? Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí kò sí ìjà kankan, mísáìlì BrahMos kan ṣèèṣì fò kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Íńdíà. Ó wọ Pàkístàn, ó rìn ju 100 kìlómítà lọ nínú ilẹ̀ náà, ó sì já lulẹ̀ nítòsí ìlú Mian Channu. Kò pa ẹnikẹ́ni. Kò sí bọ́ǹbù lórí rẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń wò ó bọ̀ lórí ẹ̀rọ ò lè mọ ìyẹn. Pàkístàn ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ìṣẹ̀lẹ̀ náà, lọ́jọ́ 11, ni Íńdíà tó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ni, ó sì lé àwọn ọ̀gágun mẹ́ta kúrò níṣẹ́ nígbà tó yá. Ká ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 ló bọ́ sí ńkọ́? Tàbí àárọ̀ ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2019, nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná débi pé àwọn ọmọ ogun Íńdíà fọwọ́ ara wọn já hẹlikópítà tiwọn lulẹ̀ ní Budgam, tí èèyàn mẹ́fà inú rẹ̀ àti ẹnìkan nílẹ̀ sì kú?

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, làwọn àgbà wí. Àgbọ́tẹ́lẹ̀ yẹn gan-an ló ń kéré sí i níbí. Láti Delhi dé Islamabad kò pé 700 kìlómítà, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ fún mísáìlì. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni wọ́n máa jí ẹnìkan lójú oorun, tí wọ́n máa bi í bóyá àṣìṣe ni, bóyá ogun ni.

Ohun tó ń dá wọn dúró kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Fóònù kan wà láàárín àwọn ọ̀gágun méjì tó ń darí ìṣiṣẹ́ ológun ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2025, ní agogo mẹ́ta ààbọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ní aago Íńdíà, ọ̀gágun ti Pàkístàn pe ti Íńdíà, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé kí gbogbo ìbọn dákẹ́ ní agogo márùn-ún. Àwọn alárinà tún máa ń wà: ọ̀dọ̀ Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ni Nawaz Sharif, olórí ìjọba Pàkístàn, lọ ní oṣù keje ọdún 1999 kí ti Kargil tó rọlẹ̀. Íńdíà kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹlòmíì dá sí ọ̀rọ̀ Kashmir, ibẹ̀ sì ni tiwọn ti yàtọ̀ sí tàwa àti Kamẹrúùnù. Ní 1981, àwọn ọmọ ogun Kamẹrúùnù pa ọmọ ogun Nàìjíríà márùn-ún, ogun fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Nígbà tó pẹ́, ilé-ẹjọ́ àgbáyé dájọ́ Bakassi ní 2002, Nàìjíríà sì kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní 2006. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ní pàtàkì àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ náà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà kan wà tí ìjọba lè gbà jáde láìjẹ́ pé ọ̀tá ló ṣí i fún un.

Èyí tó yẹ ká sunkún lé ni àdéhùn omi odò Indus. Ní 1960 ni wọ́n fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, ó sì la ogun 1965, 1971 àti 1999 kọjá. Lọ́jọ́ kejì ìpànìyàn Pahalgam, Íńdíà dá a dúró. Pàkístàn, tí odò yẹn ń bomi rin oko rẹ̀, dáhùn pé ẹni tó bá dí omi òun ti gbógun ti òun nìyẹn. Láti 2019 ni kò ti sí aṣojú àgbà èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ní olú ìlú ẹnì kejì.

Síbẹ̀, ìwé kan ṣì ń kọjá láàárín wọn. Àdéhùn 1988 kan sọ pé wọn ò gbọdọ̀ kọlu ilé-iṣẹ́ átọ́míìkì ara wọn, nítorí náà, láti 1992, ní gbogbo ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, oníkálukú máa ń fún ẹnì kejì ní àkọsílẹ̀ ibi tí tirẹ̀ wà. Ní ọdún 2000, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú Kargil, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2002, nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun wọn dúró lẹ́nu ààlà tí wọ́n na ìbọn síra wọn, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.