Okùn tí kò bá ẹgbẹ́ mu ni ìka ń tẹ̀: bí kọ́ọ̀dù gìtá ṣe ń ṣiṣẹ́

Orí àwòrán ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: àpótí kékeré tó ní ilà mẹ́fà, àmì róbótó dúdú díẹ̀ lórí rẹ̀, lẹ́tà G tàbí C lókè. Á fi ìka síbi tí àwòrán ní kó fi í sí, á sì há a sórí. Kò burú, àmọ́ wọn kì í sábà sọ fún un ìdí tí ìka fi ń lọ síbẹ̀, ìdí yẹn sì rọrùn ju àwòrán lọ.

Okùn mẹ́fà ló wà lára gìtá. Láti orí èyí tó nípọn jù, tó sún mọ́ àgbọ̀n ẹni tó ń ta á, dé èyí tó tín-ín-rín jù nísàlẹ̀, ohùn wọn ni E, A, D, G, B, E. (Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń pè ní okùn kìn-ín-ní, ó sì máa ń da orí ọ̀pọ̀ rú.) Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá ni fírẹ́ẹ̀tì. Bí ìka bá sún fírẹ́ẹ̀tì kan síwájú lórí okùn kan náà, ohùn á gòkè ní ìdajì ìgbésẹ̀ ohùn.

Kọ́ọ̀dù ni ohùn mẹ́ta, ó kéré tán, tó ń dún pọ̀. Ẹni tó ti wà nínú kwáyà mọ̀ wọ́n: do, mi, so. Kì í ṣe dò-re-mí àmì ohùn tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nílé ìwé o, ti orin tó ní méje ni. Bí G bá jẹ́ do, B ni mi, D sì ni so.

Wàyí o, ẹ wo okùn mẹ́ta tó wà láàárín: D, G, B. Láìfi ìka kankan kàn wọ́n, kọ́ọ̀dù G ti pé síbẹ̀! E, A àti E tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kò bá ẹgbẹ́ mu. Iṣẹ́ ìka ni láti mú wọn bọ̀ sípò. E tó nípọn lọ sí fírẹ́ẹ̀tì kẹta, ó di G. A lọ sí ìkejì, ó di B. E tín-ín-rín náà lọ sí ìkẹta, òun náà di G. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń dún, síbẹ̀ ohùn mẹ́ta péré ni wọ́n ń pín láàárín ara wọn.

Bákan náà ni fún àwọn yòókù. E, G àti B ló wà nínú kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní E minor, A àti D nìkan ni kò bá a mu, ìka méjì ní fírẹ́ẹ̀tì kejì sì ti parí rẹ̀. Ìyẹn ló fi rọrùn jù lọ láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ohùn tó mọ́ lọ́rọ̀ míì. Ẹ̀gbẹ́ irin ni kí ìka wà, kì í ṣe orí irin, kì í ṣe àárín méjì. Bí ó bá jìnnà sí irin, okùn á máa kùn bí eṣinṣin. Orí ìka ni kó sì dúró, nítorí ìka tó bá dùbúlẹ̀ á pa ohùn okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn èékánná gígùn ní láti yan ọ̀kan. Ọ̀nà ìdánwò ni pé kí á ta àwọn okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá dákẹ́ ló máa fi ìka tó ṣẹ̀ hàn. Orí ìka á dùn èèyàn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà awọ ibẹ̀ á yi.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kíkúrò nínú kọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí gbogbo ìka fò kúrò lórí okùn, kí wọ́n tún máa wá ọ̀nà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo C: ìfábẹ̀lá wà lórí okùn B ní fírẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní, ìka àárín lórí D ní ìkejì, ìka tó tẹ̀ lé e lórí A ní ìkẹta. Láti bọ́ sí A minor, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kò ní kúrò níbi kankan. Ìka kẹta nìkan ló máa gbéra, tó máa bọ́ sórí G ní fírẹ́ẹ̀tì kejì. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan lóòjọ́ lọ, tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì, tó ń ka iye ìgbà, á rí i pé iye náà ń pọ̀ sí i. Ọwọ́ tó ń ta okùn kò sì gbọ́dọ̀ dúró de ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, torí oníjó kì í dúró.

G, C àti D tó láti fi ta ọ̀pọ̀ orin ìyìn àti jùjú. Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, aṣáájú orin kì í pe lẹ́tà, ìka ló máa ń nà sí àwọn onílù àti onígìtá: ọ̀kan, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí a bá ka lẹ́tà láti orí G, C ni ìkẹrin, D ni ìkarùn-ún.

Ọ̀rọ̀ F ló kù, tó ti mú kí gìtá púpọ̀ padà sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. F, A àti C ló wà nínú rẹ̀. Nínú okùn mẹ́fà tí kò sí ìka lórí wọn, A nìkan ló bá a mu, ìdí nìyẹn tí ìfábẹ̀lá fi ní láti dùbúlẹ̀ lórí gbogbo wọn. Kí ọwọ́ tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, a lè fi E tín-ín-rín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a má ta okùn méjì tó nípọn jù. Láti orí C, ìfábẹ̀lá dúró síbi tó wà, ìka àárín àti ìkẹta sún okùn kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀. Fmaj7 ni orúkọ rẹ̀, nínú orin púpọ̀ ó sì dùn ju F fúnra rẹ̀ lọ.