Ibi Tí Fífi Búrọ́ọ̀ṣì Gbígbẹ Gbo Ara Ti Ṣẹ̀ Wá

Kí ẹni tó ń ṣe é tó bọ́ sínú omi ìwẹ̀, á mú búrọ́ọ̀ṣì onírun líle, á sì fi gbo ara rẹ̀ ní gbígbẹ, láti ẹsẹ̀ wá sí itan, láti ọwọ́ wá sí èjìká, títí awọ yóò fi pọ́n díẹ̀. Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn àṣà yìí, ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbé e lọ, wọ́n á ní inú strigil ni búrọ́ọ̀ṣì ti jáde. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ bí dòjé ni strigil. Àwọn oníjàkadì àti àwọn sárésáré máa ń fi òróró ólífì pa ara kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Eruku á lẹ̀ mọ́ òróró, òógùn á dà pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí eré bá sì parí, wọ́n á fi irin náà ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Lysippos, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ère ní ilẹ̀ Gíríìsì, rọ ère idẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ha ara rẹ̀ báyìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, ẹ̀dà tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n wú jáde ní Róòmù ní ọdún 1849, sì wà ní Fatikan títí di òní. Ère idẹ mìíràn tó jọ ọ́ ni wọ́n rí ní ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá erékùṣù Lošinj ní Kroéṣíà ní ọdún 1996. Iṣẹ́ ọnà tó lẹ́wà gidigidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n òróró àti ìdọ̀tí ni strigil ń kó kúrò, wọn kì í fi gbo awọ gbígbẹ.

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ni mo ti rí ohun tó sún mọ́ ọn jù. Galen, ọmọ ìlú Págámù tó tọ́jú àwọn olú-ọba Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ ọ̀gbọ̀ ra ara ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣe eré ìdárayá kí ara rẹ̀ lè gbóná, kí òróró tó kàn án. Ní Íńdíà, àwọn oníṣègùn Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ ibẹ̀, ń fi ìyẹ̀fun gbígbẹ ra ara, èyí tí wọ́n ń pè ní udvartana, wọ́n sì ní garshana, tí wọ́n ń fi ìbọ̀wọ́ sílíìkì ṣe. Àwọn ará Jàpáánù ní tiwọn ń fi aṣọ gbígbẹ gbo ara, kanpu masatsu sì ni orúkọ rẹ̀.

Báwo wá ni búrọ́ọ̀ṣì ṣe wọ̀ ọ́? Òṣùwọ̀n ni mo rò pé ó mú un wá. Santorio, oníṣègùn ní ìlú Padua ní Ítálì, fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún wọn ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìgbẹ́ òun ìtọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1614: apá tó pọ̀ jù nínú ohun tó wọ ẹnu ń bá awọ àti èémí jáde láìfojú rí. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti ń bẹ̀rù pé bí ojú òógùn bá dí, àìsàn ló kàn. George Cheyne, ọmọ Skọ́tíláǹdì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Bath, tí òun fúnra rẹ̀ ti sanra débi pé rírìn ń ni ín lára, gba àwọn òǹkàwé ìwé rẹ̀ ti ọdún 1724 nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara wọn. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń gbo ara ẹṣin wọn kó lè dán, kó sì lágbára, tí wọn kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí.

Ní Jámánì, àwọn tó ń tẹ̀lé ìlànà àlùfáà Sebastian Kneipp, tí ìwé rẹ̀ lórí ìwòsàn pẹ̀lú omi jáde ní ọdún 1886, mú fífi búrọ́ọ̀ṣì gbo ara mọ́ ìtọ́jú òwúrọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú òógùn tó dí kò tà mọ́, ìdí mìíràn dìde: omi ara tí wọ́n ń pè ní lymph, tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn méjì, Bartholin àti Rudbeck, ti ṣàlàyé ọ̀nà tó ń gbà láàárín ọdún 1650 sí 1660. Emil Vodder, ará Dẹ́ńmáàkì, gbé ọ̀nà fífi ọwọ́ darí omi yìí kalẹ̀ ní Paris ní ọdún 1936, àwọn tó ń polówó búrọ́ọ̀ṣì sì yá àlàyé náà lò. Paavo Airola, ọmọ Fínláǹdì tó ń kọ ìwé lórí ìlera, tan àṣà náà kálẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, lásìkò kan náà tí ọ̀rọ̀ cellulite, ìyẹn awọ itan tó rí gbágungbàgun, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹnu àwọn obìnrin níbẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kò lè mú ìyẹn kúrò, nítorí abẹ́ awọ ni ọ̀rá náà wà, láàárín àwọn fọ́nrán ara tín-ín-rín tó ń fa awọ sísàlẹ̀. Èépo awọ tó ti kú ló ń gbá dànù, ẹ̀jẹ̀ tó ń sún wá sí òkè awọ ló sì ń mú un pọ́n.

Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn búrọ́ọ̀ṣì yìí, tàbí okùn líle kan láti ara ewé agave ní Mẹ́síkò, tí wọ́n fi orúkọ èbúté Tampico pè nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o sọ́kọ̀ lọ sí òkè òkun.