Ṣé lésà tí wọ́n fi ń pa irun ò ní jó mi?

"Dókítà, ṣé kò ní jó mi báyìí?" Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn. Ó lè jóni o, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rọ tí wọ́n bá lò àti ọwọ́ ẹni tó dì í mú ló kù.

Ṣẹ́ ẹ rí i, nǹkan dúdú ni lésà ń wá kiri. Ìmọ́lẹ̀ ni, ó ń gba inú awọ kọjá, ibi tó bá ti bá dúdú ló máa da ooru ẹ̀ sí, ooru yẹn ló ń ba gbòǹgbò irun jẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ran ewú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara tiwa náà dúdú, lésà ò sì mọ̀ pé dúdú irun lòun wá, tí wọ́n bá lo èyí tí ò bá ara dúdú mu, ara á bó, á léròrò, ojú ibẹ̀ á wá dúdú kọjá bó ṣe wà tàbí kó funfun, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ẹ bèèrè pé lésà wo ni. Nd:YAG lẹ fẹ́ gbọ́, irú lésà tó bá ara dúdú mu nìyẹn, 1064 ni nọ́ńbà ìgbì ìmọ́lẹ̀ ẹ̀, ó máa ń wọlé jìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lójú awọ. Ẹni tó bá ní lésà ni gbogbo lésà, ẹ dìde ńlẹ̀. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan.

Ṣó máa ń ṣiṣẹ́? Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pàápàá fáwọn ọkùnrin tí ìrùngbọ̀n fífá ti sọ ọrùn wọn di kókó. Àmọ́ ó ń dín irun kù ni, kì í ṣe pé ò ní hù mọ́ láé. Irun tó ń hù lọ́wọ́ nìkan ló ń mú, ẹ máa lọ tó ìgbà 6 sí 8. Tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹ máa rí dúdú tótòtó lójú awọ, ẹ má rò pé irun ti tún dé, èyí tó kú ló ń jábọ́. Ẹ lè fá a, ẹ má tu ú, gbòǹgbò ni lésà ń bá ṣiṣẹ́.

Obìnrin tí irun ṣàdédé ń hù lágbọ̀n, ẹ yẹ họ́mónù wò ná.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìpara tó ń jẹ́ kára kú, èyí tí wọ́n ń fi pa ara kí lésà má bàa dùn wọ́n. Àwọn kan á fi kun gbogbo ẹsẹ̀, wọ́n á fi nylon wé e. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ o! Ọmọbìnrin méjì ló bá a lọ ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, sì kìlọ̀ ẹ̀ ní 2007.